Táwẹ̀lì Ló Ń Mú Bọ́ọ̀lù

Ká ní ìbínú máa ń pa ènìyàn ni, Bọ́láwárìn ì bá ti kú ní ìgbà mẹ́tàdínlógún láàárín sáà eré bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, táwẹ̀lì ni wọn ì bá sì kọ síwájú ibojì rẹ̀ pé ó pa á.

Odidi ọdún mọ́kànlá ló fi jẹ́ aṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àṣá Ring Road. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Eyín iwájú rẹ̀ kan ṣì wà lábẹ́ koríko pápá títí di òní. Kí àkùkọ Àgbowó tó la ẹnu, ó ti ń ju ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí iyanrìn, lọ́tùn-ún, lósì, títí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá fi ń kí i pẹ̀lẹ́, wọ́n rò pé gìrì ló mú un.

Ta ló wá jẹ èrè gbogbo làálàá yìí? Táwẹ̀lì.

Níbi ìsìnkú ìyá àgbà ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ti pín táwẹ̀lì náà. Àwòrán ìyá wà láàárín, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Sùn un re o, Màmá." Mẹ́ta ni Ìrẹ̀mídé, ìyàwó rẹ̀, kó bọ̀ wálé. Bọ́láwárìn mú ọ̀kan, ó ń fi í kọ́ ẹ̀yìn àwọ̀n, kó lè máa fi nu ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Iṣẹ́ táwẹ̀lì kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi lọ́jọ́ tó mú pẹ́nárítì méjì nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ẹni tó gbá ìkejì bọ́ sórí rédíò, ó ní bí òun ṣe fẹ́ gbá a ni ìyá arúgbó kan ṣẹ́jú sí òun láti ẹ̀yìn àwọ̀n. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ọjọ́ náà, bí Bọ́láwárìn bá fò bí ológbò, táwẹ̀lì ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹgbẹ́ àlejò kan rán ọkùnrin mẹ́rin wá jí i nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Ọlọ́pàá mẹ́fà ló sáré gbà á padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi bàtà tẹ ìka ọwọ́ rẹ̀ kán, ọlọ́pàá kan ṣoṣo kò dìde.

Ní Dùgbẹ̀, awakọ̀ takisí kan yin táwẹ̀lì náà títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o. Bọ́láwárìn bi í pé ọwọ́ tòun ńkọ́. Ọkùnrin náà yẹ ọwọ́ náà wò nínú dígí ọkọ̀.

"Bọ̀dá gólì, ọwọ́ náà ń gbìyànjú."

Nígbà tó wá di ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, Olóyè Àkànó, alága ẹgbẹ́, ọkùnrin tí kò gbé bọ́ọ̀lù kankan rí àfi èyí tó wà nínú ikùn rẹ̀, ránṣẹ́ pè é. Ó ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti pọ̀ jù, òun ti mú Láyí wá, ọmọ ogún ọdún, gíga rẹ̀ bí òpó iná. Bọ́láwárìn dúró kó gbọ́ "o ṣeun."

"Fi táwẹ̀lì sílẹ̀ fún àbúrò ẹ," ni alága wí.

Ó gbé e lé tábìlì. Ó fi agbára pa ilẹ̀kùn dé bó ṣe ń jáde.

Bọ́ọ̀lù mẹ́rin wọlé Láyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Márùn-ún wọlé lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, bọ́ọ̀lù àti àwọ̀n ti di àna ara wọn. Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Wọ́n ti sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, táwẹ̀lì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni Bọ́láwárìn wà, tí ọwọ́ ń yún un.

Nígbà tó yá, ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kí sáà parí, tí Àṣá bá pàdánù rẹ̀, wọ́n já sí ìsọ̀rí kejì nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni jíìpù alága dúró níwájú ilé wọn ní Àgbowó.

"Ẹ ò rí i," Ìrẹ̀mídé wí, "wọ́n ti wá pè yín padà."

Bọ́láwárìn ti ń wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Eré kan péré ló ń fẹ́, láìsí táwẹ̀lì, kí gbogbo ayé lè rí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Ó wọ ọ̀kan tán, kò dúró wọ ìkejì, ó jáde.

Alága kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí okùn aṣọ ló dúró sí, níbi tí Ìrẹ̀mídé sá táwẹ̀lì kejì sí.

"Bọ́láwárìn, o ṣe é. Ayédèrú lo gbé fún wa. Ojúlówó rèé."

"Èyí tá a fi ń nu ọmọ lára nìyẹn, sà."

"Mo mọ̀ pé ohun tí wàá sọ nìyẹn."

Bọ́láwárìn na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, èyí tó wọ ìbọ̀wọ́ àtèyí tó wọ́. Ó ní, "Alága, ọwọ́ tó ń mú bọ́ọ̀lù nìyí. Ẹ wò ó."

Alága ń ká táwẹ̀lì jẹ́jẹ́, kí imú ìyá má baà ṣẹ́po. Ó ká a tán, ó kọrí sí ọkọ̀.

"Ẹ dúró, sà."

Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó mú táwẹ̀lì kẹta, èyí tí wọ́n fi ń sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀, tí èéfín ti sọ ojú Màmá di dúdú. Ó tì í wọlé fún alága láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Ẹ gba èyí náà kún un. Ẹ fi ṣe kóòṣì."

Alága gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì dúpẹ́.