Bí Wọ́n Ṣe Dáàbò Bo Ọgbà Mi

Ìwé tí mo kà kò tó èyí tí ènìyàn ń gbé lọ sí kóòtù. Nítorí náà ni mo ṣe ń ro ẹjọ́ mi níhìn-ín, kí ẹni tí ó bá kà á ṣe onídàájọ́.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Télọ̀ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì háyà yàrá kan nínú ilé Alhaji kan tí ó fi Ọ̀yọ́ ṣe ibùgbé. Ilé tí ó dára ni, àfi ti páànù orí rẹ̀ tí ó ti dógùn-ún. Bí òjò bá ń rọ̀ lóde, àwa náà a máa gbé abọ́ kiri nínú ilé.

Abẹ́ fèrèsé mi ni ọgbà mi wà: ata, tòmátì, àti ewúro díẹ̀ létí ògiri. Omi kànga tí mo fi ọwọ́ ara mi fà ni wọ́n mu la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà yìí gan-an ni Alhaji fi símẹ́ńtì tẹ́ ọ̀nà sí, kí mọ́tò rẹ̀ lè rí ibi gúnlẹ̀ sí nígbàkígbà tí ó bá rántí wa.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Alhaji rán kápẹ́ńtà wá láti Ọ̀yọ́ láti pààrọ̀ òrùlé. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ni, àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi dáàbò bo ọgbà yìí. Ẹ má jẹ́ kí páànù já lù ú.”

“Alhaji náà ti kìlọ̀ fún mi nípa símẹ́ńtì rẹ̀,” ni ó wí. “Fọkàn balẹ̀, télọ̀. Màá dáàbò bo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.”

Mo dúpẹ́, mo sì gba Ìrẹsà lọ láti lọ rán aṣọ fún àwọn tí ó ń ṣe ìgbéyàwó. Mo sùn síbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí.

Nígbà tí mo padà dé, òrùlé tuntun ń dán. Símẹ́ńtì Alhaji mọ́ tónítóní, kò ní àpá kan. Gbogbo páànù àtijọ́ ni kápẹ́ńtà tẹ́ lé ọgbà mi lórí, létíletí bí ẹní mọ́ṣáláṣí, ó sì fi òkúta tẹ etí wọn kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí wọn. Nínú oòrùn tí ajá fi ń wá abẹ́ mọ́tò sùn ni! Mo gbé páànù kan sókè, ooru fẹ́ sí mi lójú. Ata ti rọ, tòmátì ti pọ́n ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìyá Aládùúrà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi yọ orí síta.

“Télọ̀, ẹ kú oríire! Ẹ̀fọ́ ti jinná, epo ló kù.” Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá yẹn mà gbìyànjú o. Òkúta yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ṣà á.”

Mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. N kò bèèrè pé kí wọ́n san ohunkóhun. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí kápẹ́ńtà wá dúró níwájú ọgbà náà, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé, “Mo jẹ̀bi.”

Mo bá Alhaji àti kápẹ́ńtà ní ìjókòó. Alhaji fún mi ní omi, ó gbọ́ mi tán, ó sì ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀.

“Ta ló ní kí ó dáàbò bo ọgbà?”

“Èmi ni, sà.”

“Ǹjẹ́ páànù kankan já lù ú?”

“Rárá, sà. Wọ́n tẹ́ ẹ lé e ni.”

“Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo tẹ́ ẹ,” ni kápẹ́ńtà wí.

“Ṣé o gbọ́?” ni Alhaji wí. “Ẹjọ́ olóore rẹ lo wá fi sùn mí.”

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì dìde. Nígbà tí ó pẹ́, Alhaji mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Bí òjò bá ti rọ̀, yóò wá wò bóyá òrùlé ń jò. Yóò dúró níwájú ọgbà rẹ, yóò sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí.”

Mo ka èyí sí ìdájọ́ òdodo. Mo sọ fún gbogbo ará ilé pé kí wọ́n múra àtiṣe ẹlẹ́rìí. Mo kó àwọn páànù kúrò, ṣùgbọ́n igi ata tí ó ti kú, n kò fà á tu, nítorí òun ni ẹ̀rí mi.

Òjò rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ní í pa ewúro? Ó rú láti ìdí rẹ̀, ó yọ ẹ̀ka, ó sì bo ẹ̀rí mi mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí kápẹ́ńtà dé, gbogbo ilé pé. Ó dúró, ó wo ọgbà. Mo tẹ́tí.

“Ẹ wo bí ó ti tutù yọ̀yọ̀!” ni ó wí. “Ká ní mi ò bò ó ńkọ́?”

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá,” ni Ìyá Aládùúrà wí. “Olúwa á dáàbò bo ọgbà tiyín náà.”

Gbogbo ilé ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé mọ ohun tí a ń ṣe bí olóore bá dúró níwájú ẹni. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ ṣé, bàbá.”

Ó já ewúro púpọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun wá nǹkan tí òun yóò fi dì í. Èkísà aṣọ tí ó kù lára iṣẹ́ mi ni mo fi bá a dì í. Ó gba orí símẹ́ńtì lọ. Ẹ̀rí mi wà lábẹ́ ewé tí ó kù. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rẹ̀ wò ó.