Ẹni Tó Ń Mí Lábẹ́ Ilé

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Rebecca, ìyá àgbà kan ní Ayewa, máa ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú tí òun sì ti padà sílé bàbá rẹ̀, títì ló ń ti yàrá tó wà lẹ́yìn.

Lọ́dún 1954, ooru mú gan-an, iṣu tí wọ́n so mọ́ igi lóko sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Monica, ìyàwó Ọlọ́runlékè tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá náà, mọ̀ pé ihò ńlá kan wà lábẹ́ yàrá yẹn, èyí tí wọ́n gbẹ́ nígbà ogun Tápà. Ibẹ̀ tutù.

"Okun o, Ìyá," ni Monica fi kí i. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi èbù iṣu wa pamọ́ sínú ihò yẹn."

Ìyá àgbà wò ó títí, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Monica fi àkàbà sọ̀ kalẹ̀, ó to iṣu síbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó ń yẹ̀ wọ́n wò nígbà tó gbọ́ èémí lẹ́yìn rẹ̀, kúkúrú kúkúrú, bíi ti ọmọ tí imú rẹ̀ dí. Ó gbé àtùpà sókè. Iṣu nìkan ló rí, àti àpá èékánná lára ògiri. Ó sáré gòkè.

"Ìyá, ta ló wà nísàlẹ̀ yẹn?"

"Ìwọ náà gbọ́ ọ? Mo rò pé èmi nìkan ni."

Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ogun wọ̀lú. Àwa mọ́kànlá la há sínú ihò náà. Àbúrò mi, Ọlánípẹ̀kun, ń sunkún. Ìyá wa ní kí n di ẹnu rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ ẹṣin ń dún lórí wa. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò mí mọ́."

"Níbo lẹ sin ín sí?"

"Ibi tí o to iṣu sí."

Monica di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ kejì, Ọlọ́runlékè kó iṣu náà kúrò, ó sì gbẹ́ ilẹ̀. Egungun tín-ín-rín ni wọ́n bá, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ìyá àgbà fi aṣọ funfun wé e, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú oórì ìyá wọn, lẹ́yìn ilé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Monica bá Ìyá àgbà lẹ́nu ihò, ó dorí kodò, ó ń tẹ́tí.

"Mi ò gbọ́ ọ mọ́," ló wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó ṣáà wà lọ́dọ̀ mi."

Monica jókòó tì í.