Orúnkún Tíṣà Gunnvor

Ọjọ́ tí ẹyọ owó kan na orúnkún Tíṣà Gunnvor, gbogbo ìlú Lyngvik ló gbọ́ ariwo ẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni olóògbé fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: "Báwo lo ṣe mọ̀?" O ní ẹ̀gbà bàbà ń wo ẹ̀yìn ríro? "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ọkọ ẹ̀ ní òun fẹ́ràn ẹ̀, ó bi í. Ọjọ́ méjì ni bàbá yẹn fi ronú kó tó dáhùn.

Orúnkún òsì ẹ̀ nìkan ni kì í bi ní ìbéèrè yẹn. Tó bá ti dùn ún, yìnyín máa bọ́ lọ́la nìyẹn. Torleiv, ọ̀gá ilé ìwé, kì í mú ọjọ́ tí gbogbo ọmọ máa lọ fi síkì, pátákó ẹsẹ̀ tá a fi ń yọ̀ lórí yìnyín, gun òkè láìbi orúnkún.

Ni Ragnfrid, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bá nawọ́ ní kíláàsì. "Tíṣà, orúnkún yín ńkọ́? Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ó ń dùn mí ni! Àbí ìwọ ló ń dùn?"

Ogójì àárọ̀ ni ọmọ náà fi béèrè ohun tí orúnkún wí, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì ta ẹyọ owó sókè kóun náà wí bóyá yìnyín máa bọ́. Lẹ́yìn náà ló lẹ ìwé mọ́ ògiri: nínú ogójì, orúnkún gba mọ́kàndínlógún, ẹyọ owó gba mọ́kànlélógún.

Ojú Tíṣà pọ́n bí edé bíbọ̀. "Irọ́ ni! Orúnkún yìí ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí ìyá ẹ!" Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mọ́kàndínlógún náà ni.

Torleiv wọlé. "Àfojúdi gbáà! Ọmọ yìí ò ní bá wa lọ síkì, mo sì máa kọ̀wé sí bàbá ẹ̀."

Ìbínú Tíṣà bá yí orí padà. "Torleiv! Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń bẹ wọ́n kí wọ́n má gba nǹkan kan gbọ́ láìwádìí. Ọmọ kan ṣoṣo wá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, òun lo fẹ́ fìyà jẹ? Kí la wá kọ́ ilé ìwé fún? Orúnkún mi ni kó o kọ̀wé sí!"

Ragnfrid lọ síkì. Ẹyọ owó ló mú ọjọ́ lọ́dún yẹn, ìjì yìnyín sì lé gbogbo wa wálé. Orúnkún Tíṣà ti ń dùn ún láti àná ọjọ́ náà. Kò wí nǹkan kan.

Níbi ìsìnkú ẹ̀, ní Fẹ́búárì tó kọjá, pásítọ̀ ní, "Tíṣà ń wò wá látòkè, inú ẹ̀ ń dùn."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ragnfrid ni, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní sáyẹ́ǹsì báyìí. Ó ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀ kó tó fọwọ́ bò ó.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Ó kàn ń wù mí kó rí bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹnikẹ́ni ò tún bi í.