Ẹni tó Jókòó sí Ojú Kejì Maikirosikóòpù

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣùgbọ́n mo fi orúkọ Ọlọ́run búra, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlá. N kò mutí, ibà ò sì ṣe mí. Ọ̀sán gangan ni, ọjọ́ Sátidé, ní Houston níbí, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa lọ́tùn-ún lósì.

Mo ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà lábẹ́ dókítà òyìnbó kan tó ń fi maikirosikóòpù wo àrùn awọ ara. Tí wọ́n bá gé awọ bíńtín lára aláìsàn, a ó rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó rẹ ẹ́ láró, a ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí à ń pè ní síláìdì. Ibẹ̀ la ti ń dá àrùn mọ̀. Làpálàpá ńkọ́? Ẹ ó rí okùn tín-ín-rín nínú èèpo òkè awọ. Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Àwọn sẹ́ẹ̀lì á ṣù bo iṣan tí ara fi ń mọ ìrora. Kálukú ló ní àmì tirẹ̀, bí ilà ojú ṣe máa ń sọ ìlú tí èèyàn ti wá.

Maikirosikóòpù tiwa ní ojú méjì, kí èèyàn méjì lè jọ máa wo síláìdì kan ṣoṣo. Ọ̀gá ló ń sún síláìdì. Ọmọṣẹ́ á gbọ́wọ́ lé itan, á máa wo ibi tí ọ̀gá bá gbé e lọ. Ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ níyẹn? Èmi kì í tilẹ̀ gbórí sókè àfi tí ọ̀gá bá kọ́kọ́ gbé tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àǹtí Bísí. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, àwọn ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà tí n kò mọ ọ̀nà. Àmì dúdú kan yọ sí wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n ní ìṣó ló gún àwọn nígbà tí àwọn ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yọ wọ́n lẹ́nu títí wọ́n fi gbà kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọ̀gá mi máa wò ó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sọ́ńdè ni Àǹtí ń wọ bàálù lọ sílé, wọn ò sì ní padà títí ọdún á fi parí.

"Dókítà mi, ṣáà bá mi yọjú sí i," ni wọ́n wí lórí fóònù. "Tí kò bá sí nǹkan, kí n máa bá tèmi lọ. Tó bá wà, sọ fún mi. Mi ò ní sunkún."

Bí mo ṣe lọ sí lábù nìyẹn. Abẹ́ ilé ló wà, kò ní fèrèsé kankan. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, ẹ sì mọ òjò Houston, tó bá bínú, fíríwéè, títì ńlá wọn, á di odò. Mo fi síláìdì Àǹtí sábẹ́ awò. Mo wo àárín rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú tò sí ìsàlẹ̀ èèpo awọ, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, ìṣó lásán ni lóòótọ́.

Fóònù dún. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni. "Dókítà, má jáde o. Omi ti kún orí àtẹ̀gùn."

Mo sáré ti ilẹ̀kùn. Ìta ló ń ṣí sí, omi sì ti fún un pa. Mo fi èjìká tì í, kò mira. Omi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé lábẹ́ rẹ̀, ó tutù dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni iná lọ. Iná lọ, ní Amẹ́ríkà! Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo ń táràrà wá fóònù kí n lè sọ fún Àǹtí pé kí wọ́n máa lọ, pé kò sí nǹkan. Ẹ gbà mí gbọ́, ibẹ̀ ni iná maikirosikóòpù tàn fúnra rẹ̀.

"Àjàní."

"Mà," ni mo dáhùn.

Ẹ ti rí àṣìṣe mi. Gbogbo wa ni wọ́n kìlọ̀ fún nílé pé tí o kò bá rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Ṣùgbọ́n ohùn àgbà ni, oríkì mi ló sì pè. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àjàní ní Houston. Àǹtí pàápàá, "Dókítà mi" ni wọ́n ń pè mí.

"Jókòó."

Mo jókòó. Mo fojú sí awò, mo gbọ́wọ́ lé itan. Síláìdì bẹ̀rẹ̀ sí rìn.

Mo fẹ́ gbórí sókè, orí kọ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọrùn. Mo fẹ́ ké, ohùn ò jáde. Omi ń ga sí i, ilẹ̀kùn tì, orí mi há mọ́ ojú awò, mo wá ń gbọ́ tí ẹnìkan ń mí níwájú mi. Òórùn àdín gbòde, àdín àti egbò. Ìpéǹpéjú ni mo rí gbé. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo abẹ́ tábìlì, mo rí ẹsẹ̀ kan nínú omi. Wọ́n fi àkísà wé e.

Mo mọ àkísà yẹn. Ìyá àgbà wa ni, ìyá tó bí ìyá mi àti Àǹtí. Egbò àtẹ́lẹsẹ̀ ló pa wọ́n nígbà tí mo wà ní girama. Àwọn ará ilé ní wọ́n tẹ nǹkan ni, a sì bá obìnrin ilé kejì jà lórí rẹ̀, obìnrin tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

"Wò ó dáadáa," ni ohùn náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Síláìdì ti dúró ní etí pátápátá, ibi tí n kò wò tẹ́lẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú ti kúrò nísàlẹ̀. Wọ́n ń gòkè nínú èèpo awọ, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí èèrà tó ń gun ògiri. Mo mọ àmì yẹn. Jẹjẹrẹ ni. Omijé dà lójú mi sórí awò, ohùn mi wá jáde.

"Mo ti rí i, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ó ku ẹnìkan."

"Ta ni, Mà?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀ṣọ́ àti ẹnì kejì rẹ̀ fa ilẹ̀kùn ya láti ìta, orí mi sì bọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga kejì. Ṣùgbọ́n ojú awò tọ̀hún ṣú fún èémí, mo sì ń wò ó títí ó fi mọ́.

Mo pe Àǹtí. "Ẹ má lọ, Mà."

"Ó dáa. Ìwọ lo wò ó?"

"Èmi ni, Mà." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ọ̀gá mi wò ó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò sọ ohun tó yàtọ̀. Wọ́n gé ibẹ̀ kúrò. Àǹtí ń fi ọ̀pá rìn títí dòní, wọ́n sì ń jágbe mọ́ mi bí i ti àtijọ́, mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ku ẹnìkan. Mo ti wo ẹsẹ̀ ìyá mi, mo wo ti àwọn àbúrò mi, mo wo tèmi. Nígbà tí àwọn ọmọ mi wà ní kékeré, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń tò wọ́n sórí àga, tí mo ń yí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò, tí wọ́n ń pariwo pé, "Dádì, ẹ tún ti dé!" N kò rí nǹkan kan. N kì í sì í dá jókòó ti maikirosikóòpù olójú méjì mọ́.

Tí wọ́n bá pè yín níbi tí ẹ ò ti rí ẹnikẹ́ni, ẹ má dáhùn. Tí ẹ bá ti dáhùn, ẹ ò ní bọ́ níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ sì yí àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ìṣó ni.

Àbígbẹ̀yìn mi wà ní Dallas báyìí. Ó ti dàgbà, ó ní òun ò ní bọ́ ìbọ̀sẹ̀ fún mi mọ́.