Ọkọ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́ Tí Mo Yàn ní Abaji

Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ̀dà, n kì í dúró pẹ́ níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ a máa gbé mi padà sí etí odò kan nísàlẹ̀ Abaji, sí ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, tí mo ń fi ìka kàn án kó, kó, kó, bíi dókítà tó ń yẹ àyà aláìsàn wò. Mo ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí etí ẹlòmíì kò gbọ́. Mo ti kan òrùlé tí n kò lè ka iye rẹ̀ nígbà náà, mo sì gbà lọ́kàn mi pé kò sí igi tó lè tàn mí jẹ.

Káfíńtà ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dé Abuja nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlú náà, tí eruku pupa kì í jẹ́ kéèyàn mọ àwọ̀ ẹ̀wù tó wọ̀ kúrò nílé. Nyanya là ń gbé. Iṣẹ́ pọ̀ débi pé àwọn agbaṣẹ́ṣe máa ń wá ká wa mọ́lé láàárọ̀, wọ́n á máa bẹ̀ wá pé ká bá wọn lọ. Ìyàwó mi wá bá mi níbẹ̀. Nígbà tó yá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà dé láti abúlé wọn lẹ́bàá Ìwó. Bíríkìlà ni òun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń kọrin sínú bó bá ń to búlọ́ọ̀kù, kì í sì í bá mi jiyàn. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Bí mo bá sọ ohun tí kò tọ̀nà, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Bí ẹ ṣe wí, Ẹ̀gbọ́n." Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn gan-an. Ó máa ń jẹ́ kí n rò pé òótọ́ ni mo sọ.

Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Ilé tí a kọ́ dé ìdajì di ibùgbé ẹyẹ àti aláǹgbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ di ẹrù wọn, wọ́n gba ilé lọ. Ojú ń ti èmi láti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ bí mo ṣe kúrò níbẹ̀. Àna mi yìí ló wá mú ọ̀rọ̀ ẹja wá. Ó ti bá wọn mọ ògiri ilé ẹ̀kọ́ kan ní Abaji rí, ó sì rí i pé àwọn tó ń pẹja létí odò níbẹ̀ kì í wá oúnjẹ tì. Òun fúnra rẹ̀ ti bá bàbá wọn dẹ ìgèrè nínú odò kékeré tó wà lẹ́yìn abúlé wọn. Ó ní kì í ṣe agbami la máa lọ, etí odò ni, níbi tí omi ò ti jìn, tí koríko hù, tí epìà àti àrọ̀ ń sá pamọ́ sí. Ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò máa yan ẹja náà, yóò máa tà á ní Nyanya. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ọkọ̀ tí agbára wa ká.

Ọkùnrin Nupe kan tó ti dàgbà ló ń gbẹ́ ọkọ̀ létí odò náà. Ó ti gbé Ìlọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà Yorùbá dùn lẹ́nu rẹ̀, ó kàn máa ń da Hausa díẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. A bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń yọ́ ọ̀dà nínú agolo.

"Sànnu ku," ó ní. "Omi wo lẹ fẹ́ wọ̀?"

Mo ní etí odò, omi tí kò jìn.

"Ẹ̀yin mélòó ni?"

"Àwa méjì yìí ni."

Ó dìde, ó mú wa lọ síbi tí ọkọ̀ méjì wà. Pákó ni wọ́n fi kan ọ̀kan, ó fẹ̀, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìkejì jẹ́ odidi igi kan tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ti lò ó díẹ̀, ó sì ní ojú ibi tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Baba gbá ọkọ̀ fífẹ̀ náà pẹ́pẹ́.

"Èyí ni tiyín. Ẹ lè dìde dúró nínú rẹ̀, kí ẹ fa àwọ̀n, kò ní yí. Omi tí kò jìn ni mo kàn án fún. Tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ẹnì kan ló wà fún, ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó. Ó yá lójú omi, àmọ́ kò fẹ́ wàhálà."

Owó fífẹ̀ náà ju ti tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Bí a bá rà á, kò ní ku ohun tí a máa fi ra àwọ̀n. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan igi. Mo ṣàlàyé fún baba tó ti ń gbẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó bí mi pé ọkọ̀ tí wọ́n fi ìṣó kàn, ojú ìṣó ni omi máa gbà wọlé. Mo ní odidi igi ò ní oríkèé, pé ibi tó sán yẹn, òwú àti ọ̀dà ti tó o. Mo sọ̀rọ̀ pẹ́. Àna mi jẹ́ kí n sọ tán kó tó fà mí sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ra fífẹ̀ yìí. Ká fi ìwọ̀ bẹ̀rẹ̀ ná. Tó bá yá, a ó ra àwọ̀n."

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n baba gbọ́, ó sì mi orí sí i. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, sókè, pé, "Nínú èmi àti ìwọ, ta ni káfíńtà?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ ṣe wí, Ẹ̀gbọ́n."

"Kai, káfíńtà," baba sọ, ó ń ro ọ̀dà rẹ̀. "Igi orí ilẹ̀ lo mọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. A ra tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ dà bíi pé mo borí. A gba yàrá kan ní Abaji, a máa ń lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀, a ó wá gbé ẹja wọ mọ́tò lọ sí Nyanya. Ọkọ̀ náà máa ń mì lábẹ́ wa bí ẹni tí ara ń yún. A kọ́ bí a ṣe ń jókòó: òun níwájú, èmi lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira lójijì, a ò sì gbọdọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Bí àwọn ará ilé bá ń yìn wá, mo máa ń sọ pé ojú lèèyàn fi ń yan ọkọ̀. Mo rí i pé àna mi ti dákẹ́ orin tó máa ń kọ, mo rò pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀, omi ti pọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì kún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọ̀n wa há mọ́ kùkùté igi kan tó wà nísàlẹ̀ omi. Àna mi fà á, kò wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gé e."

Mo ní ká má gé e, pé àwọ̀n tuntun ni. Mo ní kó dìde kó lè rí agbára fà. Ó dìde. Nígbà tí mo rí i pé apá rẹ̀ kò ká a, èmi náà dìde, mo sì na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó wà. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ náà yí dànù.

Nígbà tí mo yọrí, ẹsẹ̀ mi tẹ ẹrẹ̀. Omi náà kò ju àyà mi lọ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dìde jàre, omi ò jìn!" Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ọkọ̀ tó dojú dé nìkan ni mo rí.

Àwọ̀n náà ti wé e lẹ́sẹ̀ àti lápá, ó sì so mọ́ kùkùté. Mo tẹ orí bọ omi, n kò rí nǹkan kan, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ mi kan ọwọ́ rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó dì í pinpin. Mo fà á, àwọ̀n fà á padà. Ọ̀bẹ wa ti rì. Mo fi eyín já okùn, mo gbé orí sókè, mo ké, mo tún padà sísàlẹ̀. Ó ṣì dì mí mú. Mo tún gbé orí sókè láti mí, nígbà tí mo padà, ọwọ́ rẹ̀ ti tú. Àwọn apẹja tó gbọ́ igbe mi sáré dé, wọ́n gé àwọ̀n náà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko. Baba agbẹ́kọ̀ wà lára wọn. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó bọ́ agbádá rẹ̀ fi bo òkú náà.

Abaji ni a sin ín sí lọ́jọ́ náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwa Mùsùlùmí. Ìyàwó mi dé lọ́jọ́ kejì, erùpẹ̀ tútù ló bá.

Èmi ni mo lọ sọ fún ìyá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà nínú mọ́tò láti Abuja, ó sì jáde lẹ́nu mi geere: mo ní omi ló dé lójijì, pé àgbàrá láti òkè ló gbé wa. Ìyá sunkún títí. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Àna mi, ẹ ṣé tí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí irú rẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Àmín."

N kò padà sórí omi mọ́. Iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní Abuja, mo padà sídìí òrùlé, a bí ọmọ, a kọ́ ilé kékeré kan. Lọ́dọọdún, ìyá a máa fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí mi, èmi náà a sì máa jẹ ẹ́. A kì í pe orúkọ àna mi nínú ilé wa. Mo rò pé nítorí kí ọkàn ìyàwó mi má bàa gbọgbẹ́ ni.

Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ni mo tó lè yanu. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní. Mo jókòó tì í, mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ méjèèjì, ohun tí àbúrò rẹ̀ wí, ohun tí mo fi dá a lóhùn, ẹ̀rín tí mo rín. Kò gbé ojú sókè.

"Mo mọ̀," ó ní.

Ẹ̀rù bà mí. Mo béèrè ẹni tó sọ fún un.

"Òun ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ kó ẹja wálé, ó sọ fún mi nídìí ààrò pé ọkọ̀ yẹn ń bà á lẹ́rù, pé òun fẹ́ bá yín sọ ọ́ kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀." Ó ṣa òkúta kan sọ nù. "Mo ní kó má dójú tì yín. Mo ní ẹ̀yin lẹ gbà á sílé, kó máa tẹ̀ lé yín. Bàbá Ọmọ, èmi ni mo ní kó padà sínú ọkọ̀ yẹn."

Ọgbọ̀n ọdún ó lé la ti ń sùn sórí ibùsùn kan náà, tí oníkálùkù wa ń fi tirẹ̀ pamọ́ fún ẹnì kejì. Mo kàn bá a ṣa ẹ̀wà náà tán, a sì gbé e kaná.

Láti ìgbà náà la ti ń pe orúkọ rẹ̀. Kò tíì mọ́ wa lẹ́nu tán. Ọmọ wa obìnrin tó wá kí wa lóṣù tó kọjá gbọ́ ọ, ó sì béèrè pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ojú mi. Mo ní kó fa àga kan jókòó, mo sì sọ ọ́ fún un bó ṣe rí gan-an, láìdárúkọ àgbàrá kankan.