Onímọ̀ Jọ́gíráfì Tí Kò Mọ Ọ̀nà Ilé Àna

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a jọ wà kẹ́yìn, ìyàwó mi fi oúnjẹ ya ìlú Kabba fún mi sínú àwo. Fáànù wa ló dákẹ́, ó sì fẹ́ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò tún un ṣe. Ó bu iyán sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ó ní òkè tó wà lẹ́yìn ìlú nìyẹn. Ó fi ìka fa ọbẹ̀ gba àárín, ó ní títì nìyẹn. Ó wá gbé egungun ẹja kan kalẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gbẹ́ni náà nìyí. Bàbá wọn, ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i. Ìhà ibo ni àríwá wà?"

"Ìhà ibi tí ẹran wà." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó mú òkè náà, ó fi run ọbẹ̀, ó gbé e mì.

Mo gbé fáànù jáde, mo rìn yí ìlú ká, mo sì gbé e padà wálé bó ṣe wà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti jáde láyé. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Jọ́gíráfì ni èmi àti rẹ̀ jọ kà ní yunifásítì. Mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ níléèwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo lè ṣàlàyé bí odò ṣe ń gbẹ́ àfonífojì, àti ìdí tí ọyẹ́ fi ń wá láti aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún ọ pé Egbe ni mò ń lọ, Ekinrin-Adde ni kí o ti máa retí mi.

Nígbà tí a wà ní yunifásítì, òkúta, odò àti òjò ni mo yàn láàyò. Òun yan ènìyàn: ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, ìdí tí wọ́n fi ṣí kúrò, ọjà tí wọ́n ń ná. Mo máa ń sọ fún un pé òfófó ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀, wọ́n kàn ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí lé e lórí ni. Òun náà á ní òkúta kì í dáhùn bí a bá kí i.

Ní ọdún kejì wa, olùkọ́ wa kó wa lọ sí ilẹ̀ Ìjùmú fún iṣẹ́ ìwádìí. Ó pín wa ní méjì-méjì. Èmi àti òun, tí a kò tíì mọra dáadáa, ló papọ̀. Iṣẹ́ wa ni kí a fi kọ́ńpáàsì gba inú igbó láti ẹ̀yìn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan dé etí odò. Èmi ni mo di kọ́ńpáàsì mú, torí pé èmi ni ọkùnrin. Mo tún so àdá mọ́ ìbàdí nítorí ejò.

A rìn, a rìn, a yọ sí ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà kan tó ń bó ẹ̀gúsí.

"Okun o," ni ìyá náà fi kí wa ní èdè ibẹ̀. A dá a lóhùn, a kọjá.

Mo wo kọ́ńpáàsì, mo ní tààrà ni. A tún rìn títí, a yọ sí ẹ̀yìnkùlé kan. Ìyá àgbà kan ń bó ẹ̀gúsí níbẹ̀.

"Ìyá yìí mà jọ ti àkọ́kọ́ o," ni mo wí.

"Òun náà ni," ni ẹnì kejì mi wí.

"Okun o," ni ìyá náà wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Nígbà tí a yọ lẹ́ẹ̀kẹta, kò kí wa mọ́. Ó ti àpótí méjì síwájú, ó sì da ẹ̀gúsí sínú igbá.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí kò rí ibi lọ, ó yẹ kó rí iṣẹ́ ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni a jókòó tí a ń bó ẹ̀gúsí. Mo ṣàlàyé fún ìyá náà pé ilẹ̀ àdúgbò rẹ̀ ló ní ìṣòro, pé ó ní láti jẹ́ pé irin wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Ẹnì kejì mi wo ìbàdí mi.

"Irin wà lóòótọ́. Ìbàdí rẹ ló wà. Àdá rẹ ni kọ́ńpáàsì ń tẹ̀ lé."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù. Ó na ọwọ́ sí odò. Kò jìnnà rárá. A ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ látàárọ̀. Kí n tó tú àdá tán, ẹnì kejì mi ti mọ iye ọmọ tí ìyá náà bí, èyí tó wà ní Jọ́ọ̀sì nínú wọn, àti ìdí tí ìdílé wọn fi sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Òun ni olùkọ́ yìn. Èmi, wọ́n gba àdá lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà náà, títí a fi fẹ́ra, ni ó ti ń mú mi rìn. Èmi á máa wa mọ́tò, òun á máa júwe. "Ẹ yà níbi ilé bàbá tó fẹ́ aránṣọ méjì." "Ẹ máa lọ títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jà sí ààlà ilẹ̀." Èmi kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ Jọ́gíráfì ni mí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ wa obìnrin tó ń gbé ní Abuja fẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Dádì, ẹ ò lè dá gbé. Ẹ ò mọ ọ̀nà ilé àna yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa. Èbù iṣu Mọ́mì wà lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Igbaruku. Ẹ dá lọ kó o. Bí ẹ bá kó o dé Kabba, ẹ dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá sọnù, Abuja yá."

N kò fẹ́ Abuja. Ilé tí èmi àti rẹ̀ gbé ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti di àna Igbaruku, n kò sì dá ibẹ̀ lọ rí.

Kí ọmọ mi tó padà, ó fi máàpù sínú fóònù mi. Nígbà tí mo tan án, ohùn obìnrin kan tó ń ránmú bí ẹni tí òtútù mú ní kí n yà sọ́tùn-ún. Mo pa á. N kò tíì ṣetán láti gbọ́ràn sí obìnrin mìíràn lẹ́nu nínú mọ́tò yẹn.

Ní oríta àkọ́kọ́, mo dúró, mo jókòó pẹ́. Nígbà tó yá, mo yí gíláàsì sílẹ̀, mo pe ọlọ́kadà kan.

"Jọ̀ọ́, èwo ni ọ̀nà Igbaruku?"

Ó wò mí dáadáa. "Sà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ wa ní Jọ́gíráfì?"

"Èmi ni."

"Ẹ fún mi ní òdo nígbà yẹn torí pé n kò mọ ìhà ibi tí àríwá wà."

"Ó ṣeé ṣe."

"Ọwọ́ òsì ni, sà. Ẹ̀yin náà gba òdo."

Lẹ́yìn ìtìjú yẹn, kò sí ohun tó tún kù tí mo lè máa fi pa mọ́. Mo béèrè ní gbogbo oríta, mo tún béèrè níbi tí kò sí oríta. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn mọ mọ́tò wa. Ó ní ìyá tó máa ń wà nínú rẹ̀ máa ń ra ọsàn lọ́wọ́ òun, kí ló dé tí wọn ò tẹ̀ lé mi? Mo sọ fún un. Ó júwe ọ̀nà fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo dé, àbúrò ìyàwó mi yí mọ́tò ká, ó ń wo inú rẹ̀.

"Àna, ta ló wa yín wá?"

"Èmi ni."

Mo pe ọmọ mi, mo ní mo ti dé Igbaruku. Ó ní, "Dádì, ẹ fún ẹlòmíràn ní fóònù." Àbúrò ìyá rẹ̀ gba fóònù, ó sì fi ohùn àgbà dá a lóhùn: "Òótọ́ ni. Àwa náà ṣì ń wò wọ́n."

Ó kó èbù sínú mọ́tò fún mi, ó sì fẹ́ fi ọ̀kadà ṣíwájú mi dé títì. Mo ní kó jókòó. Bí mo ṣe béèrè lọ ni mo béèrè bọ̀, oòrùn kò sì tíì wọ̀ tí mo fi wọ Kabba. Mo kó èbù náà sábẹ́ ibòji, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí oòrùn má pa á. Lẹ́yìn náà mo pe ọmọ mi, mo ní kó má wulẹ̀ tún yàrá kankan ṣe sílẹ̀ dè mí ní Abuja.