Pákó Yàrá Ìyá Mi

Káfíńtà ni mí, ní Etikan, nígbà ìjọba òyìnbó. Lọ́dọ̀ tiwa létí òkun, igi pákó kì í hù nítòsí. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ la ti ń rà á. Wọ́n á dì í pọ̀, wọ́n á jù ú sómi, wọ́n á sì máa fi ọkọ̀ fà á bọ̀. Ẹni tó bá rẹ́ pákó rẹ̀ ní ìrẹ́kúrẹ̀ẹ́, oṣù ló máa kà kó tó rí òmíràn.

Nígbà tí ìyàwó mi lóyún àkọ́bí wa, mo fẹ́ kọ́ ilé oníyàrá méjì sórí omi: ọ̀kan fún wa, ọ̀kan fún ìyá mi. Bàbá mi ti kú, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Awoye ni ìyá mi ń sùn, láàárín èrò. Mo ṣèlérí pé bí òkun bá ti rọlẹ̀ lásìkò ọyẹ́, màá lọ mú un wá sí yàrá tirẹ̀.

Pákó tí mo rí rà kò pọ̀. Kí n má baà ṣì í rẹ́, mo kọ́kọ́ fi igi ìgbálẹ̀ dán an wò, ọ̀kan fún pákó kan, mo gé wọn dọ́gba, mo wá ń ṣẹ́ wọn níbi tí ayùn máa gbà. Bí èyí tó ṣẹ́ kù bá pọ̀ jù, mo tún un tò. Ìyàwó mi ní, "Ìgbálẹ̀ mi mà ti di ilé!" Nígbà tí mo parí, ilẹ̀ yàrá méjèèjì pé, ègé tó kù kò ju àpótí ìjókòó kan lọ. Mo wú bí búrẹ́dì.

Ará Ìkálẹ̀ tó kó pákó wá ní kí n kọ́kọ́ sá a kó gbẹ. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ tó bá gbẹ ló ń là lọ́dọ̀ wa, ńṣe la máa ń rì í sómi kó má baà là. Kí ni ará òkè mọ̀? Mo rẹ́ pákó náà tomi-tomi, mo kàn án mọ́ra pinpin.

A bí ọmọ, a kó wọ yàrá tiwa. Ọyẹ́ dé, pákó súnkì, àlàfo yọ láàárín wọn. Ṣíbí ń bọ́ sómi, ìyẹn ò tíì burú. Ọjọ́ tí ọmọ wa tó ń rá ki ẹsẹ̀ bọ àlàfo dé itan, ìyàwó mi gbé e, ó di ilé bàbá rẹ̀. Ó ní òun ò ní í padà títí ilẹ̀ náà á fi dí. Mo ní kí n tú pákó kí n tún un tò, ó ń là lójú ìṣó. Ègé kan kò sì sí nílẹ̀ tí mo lè fi dí ihò, nítorí mo ti gbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù. Mo bá tú ilẹ̀ yàrá ìyá mi, mo fi tún tiwa ṣe.

Mo wa ọkọ̀ lọ sí Awoye, ojú ń tì mí. Mo ròyìn ẹsẹ̀ ọmọ àti ilẹ̀ tí mo tú fún un, mo ní, "Ìyá, ẹ ní sùúrù, pákó mìíràn ń bọ̀."

Ó ní, "Ọma mi, ṣé ẹsẹ̀ ọma ò wọ ihò mọ́? Kò burú."

Pákó tuntun dé. Mo sá a lọ́tẹ̀ yìí, mi ò kánjú rárá. Ó ku díẹ̀ kó gbẹ tán ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ìyá mi ti kú. Inú pákó yẹn ni mo ti rẹ́ pósí rẹ̀. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé kò ní àlàfo kankan.